Wáyà T3 tó mì lábẹ́ weavon: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ ọmọ ilé-ìwé kan ní Àkúrẹ́

Ọmọbìnrin ọdún 17 ni, ó wà ní SS3, ìyá rẹ̀ ń ta ẹja gbígbẹ ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. A ti yọ ohun tó lè mú kí aládùúgbò dá a mọ̀ kúrò. Ohun tó jẹ mọ́ àìsàn, ẹ̀rọ àti oògùn wà bó ṣe wà.

Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ, ó ti tó oṣù mẹ́wàá tó ti ń lo oògùn wárápá tí wọ́n ń pè ní carbamazepine, 200 mg lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ níbẹ̀rẹ̀, 400 mg lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti oṣù kẹta. Wárápá ńlá tó máa ń gbé e ṣánlẹ̀ ti dín kù: ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé e láàárín oṣù mẹ́rin kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni látìgbà náà. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ènìyàn fi gbà pé oògùn ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, láàárín wákàtí kan tó bá jí, apá rẹ̀ á kàn ta gìrì. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín á fò lọ. Tíì á dà sí i láyà. Kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá, ojoojúmọ́ ni, ẹsẹ̀ náà sì ti dá sí i, ó ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná láìdákú. Àwọn ará ilé ti ní àlàyé tiwọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní ìmẹ́lẹ́ ni, kò fẹ́ fọ abọ́. Àwọn kan nínú ìdílé bàbá rẹ̀ ti ń dárúkọ òkè àdúrà.

Ìwé àbájáde EEG kan wà nínú fáìlì rẹ̀, ìyẹn ìdánwò tí wọ́n fi ń gba iná tí ọpọlọ ń mú jáde sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ló ṣe pàtàkì nínú ìwé náà: pé ẹ̀gún iná, ìyẹn ìgbì tó fò ṣóńṣó, ń yọ léraléra ní ibi tí wọ́n ń pè ní T3, lókè etí òsì, àti pé ìgbì apá òsì orí rẹlẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ. Bí dókítà tó kọ́kọ́ rí i ṣe túmọ̀ rẹ̀ ni pé ojú kan ṣoṣo nínú ọpọlọ ni wárápá náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, carbamazepine bá a mu, kò sì sí ẹni tó máa bá dókítà náà wí. Ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ ṣáájú ìgbà tí ìwé dé ọwọ́ rẹ̀: orí wáyà ni, níbi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí tí kò sí àyè fún un.

Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi í

Kí àwọn tó wà lọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ yìí tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan, ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọn ò tún béèrè bí wárápá ṣe ń gbé e, torí ìyẹn ti kún inú fáìlì. Ohun tí wọ́n bi í ni pé: “Kí ló máa ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ láàárọ̀?” Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó wá ń kà á: búrọ́ọ̀ṣì, ife, ṣíbí, fóònù tí ojú rẹ̀ ti là. Ẹnu ya ìyá rẹ̀. “Dókítà, ẹ má bínú, oorun ni mo rò pé ó ń kùn ún.”

Láti ọmọ ọdún 15 ni apá ti ń ta gìrì. Wárápá ńlá àkọ́kọ́ dé lẹ́yìn tó pé ọdún 16, láàárọ̀ ọjọ́ tó kàwé mọ́jú, ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní TDB. Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì ta gìrì bí ẹ̀ẹ̀mẹfà léra wọn, ó kígbe, ó ṣubú, ara rẹ̀ le gbagidi, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó gé ahọ́n jẹ, ó tọ̀ sára. Kò ju bí ìṣẹ́jú méjì lọ. Aládùúgbò kan ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, eyín iwájú kan sì kán. (Kò sí ẹni tó ń gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ fi aṣọ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ wo aago; tó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ó dára pé wọn ò fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù, èyí tó lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ débi tí ọpọlọ á fi bàjẹ́.)

Ìtagìrì apá méjèèjì láàárọ̀, láìdákú, tó bẹ̀rẹ̀ nígbà ọ̀dọ́, tí àìsùn ń tì lẹ́yìn: àwòrán wárápá ìtagìrì àwọn ọ̀dọ́ nìyẹn, èyí tí àwọn dókítà ń kọ ní JME. Dieter Janz àti Walter Christian ní Jámánì ló kọ àlàyé rẹ̀ kúnná ní 1957. Láàárín ọdún 12 sí 18 ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní in kì í ka ìtagìrì yẹn sí àìsàn, torí náà kì í sọ ọ́ fún dókítà àyàfi tí wọ́n bá bi í. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oṣùntókun, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí, mọ iye tí ìbéèrè tó péye tó. Ojúlé sí ojúlé ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti béèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn bí 19,000 ní Igbó-Ọrà kí wọ́n tó yẹ àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn fa ìfura wò; àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1987 ni pé ènìyàn 5.3 nínú 1,000 ló ní wárápá. Ní abúlé Ayétẹ̀ tó wà nítòsí, 37 nínú 1,000 ni wọ́n ti rí ní 1982.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ yìí ń tọ́ka sí ọpọlọ lápapọ̀, ìwé àbájáde ń tọ́ka sí ojú kan lókè etí òsì. Àwọn méjèèjì ò lè jọ jẹ́ òótọ́. Nítorí náà wọ́n ránṣẹ́ gba fáìlì EEG náà gan-an, wọn ò dúró lórí ìwé.

Inú fáìlì àkọ́kọ́

Fáìlì EDF ni. Láti 1992 ni ìlànà yẹn ti wà, kí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan lè ka ohun tí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ mìíràn gbà sílẹ̀. Kò tóbi, flash lásán ń gbé e. Ẹni tó bá ní fáìlì lè tún wáyà tò lójú kọ̀ǹpútà, kó yọ asẹ́, kó fẹ ìgbì tó bá fura sí títí dé orí ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá ní bébà A4 lásán, ohun tí ẹlòmíràn yàn fún un ló ń wò. Ó yẹ kí aláìsàn máa gba fáìlì yìí kó tó kúrò níbi ìdánwò, bó ṣe ń gba rìsíìtì.

Ìṣẹ́jú 22 ni àkọsílẹ̀ náà, aago 1:40 ọ̀sán ló bẹ̀rẹ̀. Kò sùn rárá. Wọn ò ní kó mí kíákíá, wọn ò tan iná pàkàpàkà sí i lójú. Gẹnẹrétọ̀ ló ń gbé iná ibẹ̀, ìgbì iná ilé, 50 Hz (ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), sì ti bo gbogbo ìlà, torí náà wọ́n sọ asẹ́ òkè, èyí tó ń gé ìgbì tó yára jù, kalẹ̀ láti 70 Hz sí 35 Hz kí ojú ìwé lè mọ́. Ó mọ́ lóòótọ́, àmọ́ asẹ́ tó lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ń gé orí ìgbì iṣan, èyí tó ṣẹ́kù sì ń jọ ẹ̀gún wárápá. Ìyẹn nìkan ti tó láti ṣi ojú lọ́nà, ṣùgbọ́n T3 ni olórí ọ̀ràn.

Ẹ̀ẹ̀kànlélọ́gbọ̀n ni ẹ̀gún T3 yọ. Lójú ìtò tí wọ́n fi tẹ ìwé, níbi tí wáyà kọ̀ọ̀kan ti so mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e, ìlà F7-T3 (F7 ni wáyà iwájú T3) fò sísàlẹ̀, ìlà T3-T5 (T5 ni ti ẹ̀yìn rẹ̀) fò sókè, wọ́n kọjú síra wọn ní T3. Ohun tí a ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti wá nìyẹn: ibi tí ìlà méjì bá ti kọjú síra, ibẹ̀ ni ẹ̀gún ti wá. Ibi tí ìkọ́ni sábà máa ń dúró sí nìyẹn pẹ̀lú, a sì gbà pé àléébù gidi ni. Ìbéèrè tó kù ni pé kí ni àwọn aládùúgbò T3 ń ṣe lásìkò kan náà.

Kí ẹ̀gún tó lè hàn lókè agbárí, èèpo ọpọlọ tó fẹ̀ tó 6 sí 10 cm², ó kéré tán, ní láti tanná papọ̀. Ohun tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò lè ga fíofío ní T3 kó má kan F7 tó wà níwájú rẹ̀ tàbí T5 tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rárá. Ó ní láti máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń jìnnà. Nínú fáìlì yìí, ìwọ̀n ìfò inú F7-T3 àti ti T3-T5 dọ́gba geerege, bí ojú ènìyàn àti òjìji rẹ̀ nínú dígí. Fp1-F7, níwájú orí, parọ́rọ́. C3, lókè T3, parọ́rọ́. Ìrísí ìgbì náà fúnra rẹ̀ tún sọ̀rọ̀: ó fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ìdábùú, ó wá ń yọ̀ bọ̀ wálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gẹ́gẹ́ bí iná ṣe ń tán nínú kàpásítọ̀. Kò sí ìgbì lílọ́ra tó tẹ̀ lé e, èyí tó sábà máa ń tẹ̀ lé ẹ̀gún tòótọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló yọ ní kété lẹ́yìn ìgbì iṣan ọrùn, ìyẹn ni pé ọmọ náà mi orí. Nígbà tí wọ́n yọ T3 kúrò nínú ìtò, tí wọ́n so F7 mọ́ T5 tààrà, ẹ̀gún 31 pòórá, kò ku ẹyọ kan.

Wáyà tó ń ṣí tó ń pa dé lábẹ́ weavon ni. Tí òdá tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ bá gbẹ tàbí tí irun bá ti àwo rẹ̀ kúrò lára awọ orí, iná kékeré tó ti kó jọ láàárín fàdákà àti awọ á tú jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé kò wá láti ọpọlọ.

Ọ̀rọ̀ ìgbì òsì tó rẹlẹ̀ rọrùn ju ìyẹn lọ. Ìyá rẹ̀ ya fọ́tò kan sórí fóònù lọ́jọ́ náà, torí orí ọmọ rẹ̀ pa á lẹ́rìn-ín. Weavon náà wà lórí digbí. Ibi tí ojú irun ti gba wáyà ni wọ́n fi sí; ní òsì, wọ́n ti ti T3 síwájú débi tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan F7, ní ọ̀tún T4 wà ní àyè rẹ̀. Ìyàtọ̀ iná tó wà láàárín wáyà méjì ni ẹ̀rọ ń kà. Tí wọ́n bá súnmọ́ra jù, ohun kan náà ni wọ́n ń gbọ́, ìyàtọ̀ á kéré, ìgbì á rẹlẹ̀. Ọpọlọ òsì kò ṣe nǹkan kan.

Hans Berger ní Jena, ẹni tó kọ́kọ́ gba iná ọpọlọ ènìyàn sílẹ̀, rí ìgbì rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1924. Kò gbé e jáde títí di 1929. Lára ohun tó gba àkókò rẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún yẹn ni pé ó ń fura sí ẹ̀rọ, sí ìlùkìkì ọkàn, sí ìṣàn ẹ̀jẹ̀ nínú awọ orí. Ìfura yẹn ṣì ni apá tó ṣòro jù nínú iṣẹ́ yìí. Lílẹ̀ wáyà ń tẹ̀ lé e gbọ̀ngbọ̀n.

Irun, tépù télọ̀ àti gẹnẹrétọ̀

Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú àkọsílẹ̀ kejì ni wọ́n ti pe ìyá náà: “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó tú weavon yẹn. Kó fi ọṣẹ fọ irun lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó má fi àdín, òrí tàbí kírímù kankan sí i lẹ́yìn náà.” Ohun àkọ́kọ́ tí ìyá béèrè ni bóyá wọ́n máa fá irun ọmọ òun. Wọn ò ní fá a.

Orí tí irun rẹ̀ ń nà tẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọn tó ṣe fìlà EEG ní lọ́kàn. Irun tiwa nípọn, ó lọ́, ó sì ń ti wáyà jáde bíi tìmùtìmù. Ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà, Arnelle Etienne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe wáyà kan tí wọ́n ń pè ní Sevo, tó ń há sí abẹ́ irun dídì. Wọ́n kọ́kọ́ ń di irun náà kí ìpín rẹ̀ lè gba ojú ibi tí wáyà máa wà. Ìlàjì ọgbọ́n yẹn kò ju ọwọ́ olùdìrun kankan ní Àkúrẹ́ lọ. Kòlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ní kó di, ìlà mẹ́jọ láìsí atáṣímẹ́ǹtì, pẹ̀lú ìpín kan tó lọ tààrà láàárín orí láti iwájú dé ìpàkọ́. Ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ náà ì bá ṣe é. Ṣùkú ni kò dáa, torí góńgó orí ló ń kó irun jọ sí, ibẹ̀ gan-an ni wáyà Cz ń gbé.

Ìlànà 10-20 tí Herbert Jasper kọ jáde ní 1958 ni wọ́n fi wọn orí rẹ̀, pẹ̀lú tépù télọ̀ àti pẹ́ńsù ojú. Láti kòtò ìdí imú, níbi tó ti pàdé iwájú orí, dé kókó egungun ìpàkọ́ jẹ́ 35 cm. Ìdá 10 nínú 100 jẹ́ 3.5 cm, ìdá 20 jẹ́ 7 cm. Nítorí náà Fpz wà ní 3.5, Fz ní 10.5, Cz ní 17.5, Pz ní 24.5, Oz ní 31.5. Láti iwájú etí kan dé iwájú èkejì, tí tépù ń gba orí Cz, jẹ́ 36 cm: T3 wà ní 3.6 cm sókè etí òsì, C3 ní 10.8, T4 àti C4 bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ní ọ̀tún. Yíyí orí po jẹ́ 55 cm, Fp1 àti Fp2 wà ní 2.75 cm sí òsì àti ọ̀tún ìlà àárín, àwọn yòókù sì fi 5.5 cm jìnnà síra. (Nọ́ńbà tí kò ṣe é pín sí méjì wà ní òsì, èyí tó ṣe é pín wà ní ọ̀tún, z wà láàárín. Nínú ìlànà tuntun, T7 ni wọ́n ń pe T3.) Ẹni tó bá fojú díwọ̀n dípò kó fi tépù wọn á rí òsì tó yàtọ̀ sí ọ̀tún, á sì pè é ní àìsàn.

Wáyà 23 ni gbogbo rẹ̀: 21 fún orí àti etí, ọ̀kan fún ilẹ̀, ọ̀kan fún ìfiwé. Wọ́n fi òwú tó ní Nuprep, ìpara tí wọ́n fi ń ha awọ, ha awọ orí díẹ̀ lójú kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀nba tí awọ á fi pọ́n díẹ̀ láìbó, wọ́n fi òdá Ten20 kún àwo wáyà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, wọ́n fi gọ́ọ̀sì bò ó. Òdá kò gbọdọ̀ ṣàn láti ojú kan dé òmíràn, torí wáyà méjì tí òdá so pọ̀ ti di ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọn ìdènà iná lábẹ́ wáyà kọ̀ọ̀kan. T3 kọ́kọ́ mú 18 kilo-ohm. Wọ́n ṣí i, wọ́n tún ibẹ̀ ha, ó wá sí 4. Wọn ò bẹ̀rẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ fi wà lábẹ́ 5. Kí wọ́n dọ́gba tún ṣe pàtàkì ju kí wọ́n kéré lọ: bí wáyà kan bá wà ní 2 tí èkejì wà ní 18, ìgbì iná ilé tó yẹ kó pa ara rẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì á ṣẹ́kù, á sì hàn. Iṣẹ́ wáyà nìkan gba ìṣẹ́jú 40.

Ìgbì ọpọlọ tí wọ́n ń wá kò ju bíi 50 microvolt lọ. Tí ènìyàn bá pín 1.5 volt báttìrì tọ́ọ̀ṣì sọ́nà 30,000, ẹyọ kan nínú rẹ̀ nìyẹn. Iná NEPA lọ ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ náà. Asẹ́ 50 Hz tó wà nínú ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́, ojú 50 gan-an ló ń gé; gẹnẹrétọ̀ kékeré tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ sì sábà máa ń sáré kọjá bẹ́ẹ̀, á wà ní 52 tàbí 53, á sì gba ẹ̀gbẹ́ asẹ́ kọjá. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n yọ ṣájà lára kọ̀ǹpútà, ó ń lo báttìrì tirẹ̀, wọ́n yọ fóònù gbogbo kúrò nínú yàrá, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri tí wáyà iná gbà. Wọn ò tan fáànù òkè, torí atẹ́gùn rẹ̀ ń mi wáyà orí, ìyẹn sì ń kọ ìgbì tirẹ̀. Àmọ́ ooru ń mú òógùn, òógùn sì ń fa ìgbì gígùn tó lọ́ra tí kò tó 0.5 Hz. Ó gbà wọ́n ní suúrù: wọ́n ṣí fèrèsé, wọ́n mú yàrá tutù kó tó wọlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ kí oòrùn tó ràn.

Aago 7:10 sí 8:20 àárọ̀

Láti aago méjìlá òru sí mẹ́rin nìkan ni wọ́n ní kó sùn. Àìsùn yìí lè gbé wárápá dìde lọ́nà, nítorí náà tákísí ni òun àti ìyá rẹ̀ wọ̀ láti Òkè-Àró, kì í ṣe ọ̀kadà, diazepam, oògùn tó ń dá wárápá dúró, sì wà nítòsí nínú yàrá. Wọ́n fi wáyà méjì kún un lórí iṣan èjìká, ọ̀kan òsì, ọ̀kan ọ̀tún, kámẹ́rà sì ń wò ó.

Ní ojú-pípadé, ìgbì 10 Hz hàn lẹ́yìn orí, òsì àti ọ̀tún dọ́gba. T3 kò sọ nǹkan kan. Kí wọ́n tó ní kó mí kíákíá, wọ́n béèrè jẹnotáìpù rẹ̀; AA ni. A kì í ní kí ọmọ SS mí bẹ́ẹ̀ rárá, torí mímí kíákíá ń lé carbon dioxide jáde, òpó ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ á sún kì, ẹ̀jẹ̀ tó ń di dòjé lè dí i pa; ọ̀pọ̀ ibi kì í ṣe é fún AS náà. Nílùú tí ẹni AS ti pọ̀ tó báyìí, ìbéèrè yẹn gbọ́dọ̀ ṣáájú. Wọ́n ní kó mí fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀, gbogbo ìlà gbéra lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀wọ́ ẹ̀gún, mẹ́ta sí márùn-ún pọ̀, pẹ̀lú ìgbì lílọ́ra lẹ́yìn wọn, 4 sí 5 Hz, ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀. Iwájú orí, F3, Fz àti F4, ló ga jù. Ọmọ náà kò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

Iná pàkàpàkà láti 1 sí 30 Hz, 30 cm sí ojú, kò mú nǹkan kan jáde.

Ó sùn lọ ní 7:36. Nínú oorun, ọ̀wọ́ ẹ̀gún yọ lẹ́ẹ̀mẹta. Méjì nínú wọn ṣáájú díẹ̀ ní òsì, ọ̀kan ṣáájú ní ọ̀tún. Nínú wárápá irú èyí, ẹ̀gún tó ṣáájú ní ẹ̀gbẹ́ kan bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀, kò sì sọ ọ́ di wárápá ojú kan; bó ṣe ń pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ ni ẹ̀rí. Ìgbì ṣóńṣó góńgó orí, tí oorun ọ̀dọ́ sábà máa ń ní, pọ̀ pẹ̀lú. Ìgbì oorun lásán nìyẹn, ó sì ti kó ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ara wọn le sínú oògùn wárápá.

Wọ́n jí i ní 8:05. Nínú ìṣẹ́jú mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni ọ̀wọ́ ẹ̀gún yọ. Nígbà méjì, wáyà èjìká méjèèjì fò pẹ̀lú rẹ̀, kámẹ́rà sì rí ejìká tó ta gìrì. Ìyá rẹ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní, “Ohun tó máa ń ṣe nìyẹn.” Ká ní aago mẹ́jọ kọjá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tó ti jí tó sì ti jẹun, ó ṣeé ṣe kí ìwé tún mọ́. Àkọsílẹ̀ EEG ẹ̀ẹ̀kan lásán ń pàdánù ẹ̀gún ní nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní wárápá. Nínú irú èyí, oorun àti ìjí ló ń mú un jáde.

Oògùn

Carbamazepine àti phenytoin ń dí ojú ọ̀nà tí sodium ń gbà wọ inú iṣan ọpọlọ, wọ́n sì dára fún wárápá tó ń ti ojú kan bẹ̀rẹ̀. Nínú JME, wọ́n lè dín wárápá ńlá kù kí wọ́n sì mú ìtagìrì le sí i, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yìí gẹ́lẹ́. Torí pé wárápá ńlá dín kù ni ẹnikẹ́ni kò fi fura sí oògùn.

Valproate ti pẹ́ tó ti jẹ́ oògùn tó lágbára jù fún irú wárápá yìí. Àmọ́ nínú ọmọ mẹ́wàá tí ìyá wọn lò ó nínú oyún, nǹkan bí ọ̀kan ni a ń bí pẹ̀lú àbùkù ara, mẹ́ta sí mẹ́rin sì ń ní ìṣòro nínú bí ọpọlọ wọn ṣe ń dàgbà. Ọmọ ọdún 17 kò ní pẹ́ dé ipò ìyá. Levetiracetam ni wọ́n yàn, bó tilẹ̀ wọ́n ju carbamazepine lọ dáadáa, wọ́n sì sọ owó rẹ̀ fún ìyá náà kí wọ́n tó kọ ọ́, torí oògùn tí wọ́n bá dá dúró láàárín oṣù torí àìlówó léwu ju èyí tí wọn ò bẹ̀rẹ̀ lọ.

250 mg lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà 500 mg lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta ni wọ́n ti ń yọ 200 mg carbamazepine kúrò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí 800 fi tán. Kò sí oògùn wárápá tí a ń dá dúró lọ́jọ́ kan. Folic acid wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ náà kanra fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ohun tí levetiracetam máa ń ṣe ni, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún ìyá pé tó bá di ìbànújẹ́ tàbí ọ̀rọ̀ ikú, kí ó mú un padà wá lójú ẹsẹ̀. Ó rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìtagìrì ojoojúmọ́ ti di ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, kò sí mọ́. Ní oṣù kẹfà, wárápá ńlá kò tíì padà. Ìtagìrì padà ní àárọ̀ kan ṣoṣo, lẹ́yìn ìṣọ́ òru ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé TDB ti tán fún un, wọn ò rántí dárúkọ ìṣọ́ òru. Wọ́n fi kún un. Irú wárápá yìí sábà máa ń padà tí wọ́n bá dá oògùn dúró, kódà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí kò ṣẹlẹ̀, ìyẹn náà ni wọ́n bá òun àti ìyá rẹ̀ sọ láìfi bọpo bọyọ̀.

Ìwé àbájáde àtijọ́ ṣì wà nínú fáìlì, torí a kì í yọ ìwé kúrò. Wọ́n fi bírò pupa kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé T3 jẹ́ wáyà tó mì, pẹ̀lú déètì àti ìfọwọ́sí, kí dókítà tó bá kàn má tún ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tí ọmọ náà fi kúrò nínú yàrá ni bóyá òun lè fi weavon padà fún ayẹyẹ ìparí ẹ̀kọ́ wọn. Ó lè fi í. Ìgbà tí wọ́n bá tún fẹ́ lẹ wáyà nìkan ló máa tú u.